Ọmọ mi ń sunkún ní géètì skúùlù láràárọ̀, kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o ma. Ọmọkùnrin mi jẹ́ ọmọ ọdún 4, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ skúùlù ni, ó ti lo ọ̀sẹ̀ 3 báyìí. Láràárọ̀ tá a bá ti dé géètì, á dì mọ́ mi láṣọ, á máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa. Tíṣà ẹ̀ ní kì í pẹ́ tí mo bá lọ tó fi ń dákẹ́, ṣùgbọ́n tó bá délé, wàhálà ni. Á ju báàgì sílẹ̀, á máa ja àbúrò ẹ̀ tó ṣì wà lọ́dọ̀ mi nílé, ó sì ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ibùsùn, ohun tó ti fi sílẹ̀ láti ọdún tó kọjá. Bàbá ẹ̀ ní ká máa yọ́ lọ nígbà tí ò bá wò wá. Ìyá ọkọ mi ní ká yọ ọ́ kúrò di ọdún tó ń bọ̀. Ó ti sú mi o.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá bàbá ẹ̀ lóhùn kí n tó dá yín lóhùn, torí nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, yíyọ́ lọ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ́ fún un lọ. Mo mọ̀ pé ó máa ń jọ pé ó ń ṣiṣẹ́, ẹ ó fi nǹkan ìṣeré gba ojú ẹ̀ kúrò lára yín, ẹ ó gba ẹ̀yìn jáde, géètì á pa rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹkún, bàbá á ní ṣé o rí i. Ẹkún yẹn ò lọ síbì kankan o, ẹ̀yin lẹ ò sí níbẹ̀ nígbà tó dé. Ọmọ á yíjú padà, kò ní bá yín, kò sì sẹ́ni tó sọ ìgbà tí ẹ ń bọ̀ fún un. Ohun tó kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni pé tóun bá fi ojú kúrò lára mọ́mì pẹ́nrẹ́n, mọ́mì á pòórá. Lọ́jọ́ kejì kò ní fi ojú kúrò mọ́.

Ẹ bi tíṣà èyíkéyìí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ nọ́sìrì, á sọ fún yín pé òun máa ń dá àwọn ọmọ tí wọ́n yọ́ fún lọ mọ̀. Àwọn ni kì í gbé báàgì sílẹ̀. Báàgì á wà léjìká ẹ̀ látàárọ̀, tí ẹ bá ní kó bọ́ ọ á kọ̀, á jókòó síbi tó ti lè máa rí ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn bá sì ti dún báyìí á dìde dúró. Àwọn yòókù ń to búlọ́ọ̀kù léra wọn, òun ò lè bá wọn tò ó, torí tó bá fi lè ṣeré á gbàgbé láti ṣọ́ ilẹ̀kùn. Nílé náà ẹ ó rí i, bí ẹ bá dìde lọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì, á tẹ̀ lé yín dé ẹnu ọ̀nà.

Àwọn tó kọ́ ìmọ̀ nípa ọmọdé ti rí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Mary Ainsworth, onímọ̀ saikọ́lọ́jì kan, lọ sí Uganda ní nǹkan bí ọdún 1954, ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń wo àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wọn. Ọmọ tí ọkàn ẹ̀ balẹ̀ sí ìyá ẹ̀ gan-an ló ń ráyè lọ jìnnà, á rá lọ, á wẹ̀yìn wò bóyá ìyá ṣì wà níbẹ̀, á tún rá lọ sí i. Òun àti John Bowlby, dókítà ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé ọmọ tí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ bá dá lójú ló máa ń lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni yẹn. Ẹni tí ò dá a lójú ló máa ń dì mọ́ni láṣọ. Torí ẹ̀, tí àwọn èèyàn bá sọ fún yín pé ẹ ti kẹ́ ẹ jù ló ṣe ń sunkún, ẹ má dá wọn lóhùn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe ni pé kí ìlọ yín jẹ́ ohun tó lè mọ̀ ṣáájú, tí bó ṣe rí lánàá náà ló máa rí lónìí. Ẹ ti sọ ọ́ fún un nílé kí ẹ tó jáde. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín lè bá tiẹ̀ dọ́gba, ẹ dì mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ gbólóhùn kan náà tí ẹ ń sọ lójoojúmọ́, ẹ fi ọwọ́ ẹ̀ lé tíṣà lọ́wọ́, kí ẹ yíjú padà kí ẹ máa lọ. Gbogbo ẹ̀ ò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Á sunkún o, kí n má parọ́ fún yín, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń ṣe é báyìí ẹkún ẹ̀ tiẹ̀ lè pọ̀ sí i díẹ̀, ẹ ṣá máa lọ. Ohun tó ń pa àwọn ìyá lára ni pé wọ́n á dágbére tán, wọ́n á gbọ́ igbe, wọ́n á padà, wọ́n á tún dágbére, wọ́n á tún padà. Ọmọ náà ò ya òmùgọ̀, ó ti rí i pé tóun bá ké dáadáa mọ́mì á yí padà, ọ̀la á ké ju ti òní lọ. Ẹ má sì dúró sí ojú wíńdò máa yọjú wò ó, torí á rí yín, wọ́n máa ń ríran ju bí a ṣe rò lọ.

Gbólóhùn tí mo ní kí ẹ máa sọ yẹn ńkọ́? Ẹ má dárúkọ aago, ọmọ ọdún 4 ò mọ ohun tí aago 2 jẹ́. Ẹ bi tíṣà bí ọjọ́ wọn ṣe máa ń lọ, kí lẹ́yìn kí ni, kí ẹ wá fi ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn ṣe àmì fún un: "Tí ẹ bá ti jẹun ọ̀sán, tí ẹ sinmi, tí tíṣà ka ìtàn fún yín tán, èmi ni wàá rí lẹ́nu ọ̀nà." Tó bá ti di pé ìtàn ń parí, òun fúnra ẹ̀ á mọ̀ pé ó kù díẹ̀. Ìlérí yìí gbọ́dọ̀ máa ṣẹ o, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́ yìí. Ẹ tètè dé, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun ló kù gbẹ̀yìn. Tí nǹkan bá dá yín dúró lójú ọ̀nà, ẹ pe skúùlù lórí fóònù kí wọ́n sọ fún un pé ẹ ń bọ̀, kó gbọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọ̀nà.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ò gbọdọ̀ jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú ilé yín. "Tó o bá tún sunkún mi ò ní wá mú ẹ." Ẹ̀rù tó ń bà á gan-an lẹ fi dẹ́rù bà á yẹn. "Màá ní kí tíṣà nà ẹ́" náà ò dáa, torí tíṣà yẹn lẹ fẹ́ kó sá lọ bá tó bá ṣubú. "Ọkùnrin kì í sunkún", ẹ fi ìyẹn náà sílẹ̀ jàre. Ẹ kàn ní, "Mo mọ̀ pé o fẹ́ kí n dúró, ó le, màá dé," ó ti tó. Ẹ̀bùn tí àwọn kan máa ń ṣèlérí, má sunkún màá ra nǹkan fún ẹ, èmi ò fẹ́ràn ẹ̀, ọmọ á máa gbé ẹkún mì torí ẹ̀bùn, ìdí tó fi ń sunkún ṣì wà níbẹ̀.

Ní báyìí, tíṣà ní kì í pẹ́ tó fi ń dákẹ́. Ìròyìn ayọ̀ lè ni ìyẹn o, ó sì lè má jẹ́. Oríṣi ìdákẹ́ méjì ló wà, ẹ sì ní láti mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ yín. Ọmọ kan á dákẹ́ torí tíṣà gbé e mọ́ra, ó nu ojú ẹ̀, ó fún un ní nǹkan ṣe, nígbà tó yá ó ti ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ rẹ́rìn-ín. Òmíràn á dákẹ́ torí ó ti rí i pé kò sẹ́ni tó ń dá òun lóhùn, á lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, á máa fi etí aṣọ ẹ̀ ṣeré, kò ní yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kílásì tó bá ní ọmọ púpọ̀, ẹnì kejì yìí ni wọ́n máa ń pè ní ọmọ jẹ́jẹ́.

Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ kéékèèké ní ìlànà kan tí wọ́n fi ń jẹ́ kí ara ọmọ tuntun mọlé, tí wọ́n fi orúkọ Berlin pè. Ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, òbí á jókòó sínú kílásì pẹ̀lú ọmọ fún nǹkan bíi wákàtí kan, kò ní kúrò rárá, tíṣà á rọra máa sún mọ́ ọmọ náà. Ó di ọjọ́ kẹrin kí òbí tó jáde fún ìgbà díẹ̀, kì í ju ìdajì wákàtí lọ, ohun tí wọ́n sì ń wò kì í ṣe bóyá ọmọ sunkún. Wọ́n ń wò ó bóyá tó bá sunkún, á jẹ́ kí tíṣà rẹ òun lẹ́kún. Tó bá gbà, wọ́n á máa yára. Tí ò bá gbà, wọ́n á fi ọjọ́ mélòó kan kún un. Àwọn tí ò tíì pé ọdún 3 ni wọ́n ṣe é fún jù, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tó dáa ni fún tiyín náà. Ẹ pe tíṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá dilẹ̀, kì í ṣe ní géètì láàárọ̀ tí ogún ọmọ ń fa aṣọ ẹ̀, kí ẹ bi í ní nǹkan pàtó. Tó bá ṣubú, ta ló máa ń lọ bá? Ẹ̀gbẹ́ ta ló máa ń jókòó sí? Ṣé ó ń jẹ oúnjẹ ẹ̀ tán? Ìgbà wo ló lọ tọ̀ gbẹ̀yìn? Tí ẹ bá bi í pé "ṣé ó ń ṣe dáadáa", á ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì parọ́, ìbéèrè yẹn ni ò mú nǹkan kan wá.

Tí ìdáhùn ẹ̀ bá fi hàn pé ọmọ yẹn ò tíì ní ẹnì kankan tó lè sá lọ bá nínú skúùlù náà, iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ nìyẹn, ó ṣáájú gbogbo ohun tí mo ń sọ. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó jẹ́ ẹnì kan náà láá máa gbà á lọ́wọ́ yín láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó fún un ní iṣẹ́ kékeré kan tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan, bíi pé òun láá máa pín búrọ́ọ̀ṣì ọ̀dà fún àwọn tó fẹ́ ya àwòrán. Ọmọ tó ní iṣẹ́ tó ń dúró dè é nínú kílásì máa ń rí ìdí láti wọlé. Tí skúùlù bá gbà, ẹ fi nǹkan kékeré kan láti ilé sínú àpò ẹ̀, áńkáṣíìfù yín tàbí fọ́tò gbogbo ilé, nǹkan tó lè fọwọ́ kàn tí ọkàn ẹ̀ bá ń ṣe kámi-kàmì-kámi.

Ó kan ti ilé. Ẹ wo ohun tí ọmọ yìí ń ṣe látàárọ̀: jókòó, tò sórí ìlà, dúró kó kàn ẹ́, gbé ìyẹn fún lágbájá, má pariwo, ariwo àwọn ọmọ tó kù sì wà létí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ń kó ara ẹ̀ níjàánu ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn tó sì ń kó ara wọn níjàánu jù ní skúùlù ló sábà máa ń tú dà sílẹ̀ jù nílé, torí ilé ló dá a lójú pé wọn ò ní lé òun jáde. Ẹ lè máa rò pé ẹ̀yin nìkan ló ń fìyà jẹ, ẹ̀yin ló fọkàn tán ni. Torí náà, tó bá ti jáde, ẹ má bi í pé kí lo kọ́ lónìí. "Kò sí" ló máa sọ, ẹ ó bínú, òun náà á bínú. Ẹ fún un ní nǹkan jẹ, omi, ibi tó parọ́rọ́, ẹ má bẹ ẹ́ níṣẹ́, ẹ má gbé e lọ síbi táwọn èèyàn pọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ skúùlù á jáde fúnra ẹ̀ lálẹ́ tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n máa ń rántí ẹni tó gba pẹ́ńsù wọn.

Ìjà tó ń bá àbúrò ẹ̀ jà ò ṣàdédé o. Ẹ fi ara yín sí ipò ẹ̀ ẹ wò ó ná: láràárọ̀ ẹ mú òun lọ já sílẹ̀, ẹ gbé ẹnì kejì padà sílé. Lójú ọmọ ọdún 4, wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò òun nìyẹn. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ tí àbúrò ò ní sí níbẹ̀, tí fóònù ò ní sí níbẹ̀, tó jẹ́ òun láá sọ eré tí ẹ máa ṣe, á ṣe ju ìbáwí lọ. Tó bá tún ṣeé ṣe, ẹ fi àbúrò sílẹ̀ fún ẹlòmíràn tí ẹ bá ń lọ mú un, kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ló máa rí lẹ́nu ọ̀nà.

Títọ̀ sórí ibùsùn, ẹ má nà án, ẹ má bú u, ẹ má sọ ọ́ létí àlejò. Ọmọ tí nǹkan tuntun bá wọ̀ lọ́rùn sábà máa ń padà sẹ́yìn níbi tó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, òmíràn á tún fẹ́ kí wọ́n máa fún òun lóúnjẹ jẹ, òmíràn á máa sọ̀rọ̀ bí ọmọ ọwọ́, tí ara bá ti mọlé á lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ka gbogbo ẹ̀ sí àníyàn, ẹ lọ wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì skúùlù yẹn fúnra yín, torí ohun tó ń lọ níbẹ̀ máa ń ya àwọn òbí lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń mú ìtọ̀ mọ́ra látàárọ̀ títí dìgbà tí wọ́n bá délé. Ó lè jẹ́ pé ariwo omi tó ń ṣàn nínú ẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀kùn ò ṣeé tì, ó lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tí ẹ̀yin ń lò nílé fún ìtọ̀ kọ́ ni wọ́n ń lò níbẹ̀, kò wá mọ bóun ṣe máa sọ ọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé kò lè tú bẹ́líìtì tàbí bọ́tìnì ṣòkòtò ẹ̀ fúnra ẹ̀, ojú sì ń tì í láti pe tíṣà. Tó bá ń mú ìgbẹ́ náà mọ́ra, ìgbẹ́ yẹn á gan, á máa tẹ àpò ìtọ̀ ẹ̀ mọ́ inú, ìtọ̀ á wá máa jò lóru. Ṣòkòtò onírọ́bà ni kí ẹ máa wọ̀ fún un tí skúùlù bá gbà, ẹ jẹ́ kó máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ bọ́ ọ kó máa wọ̀ ọ́ nílé lópin ọ̀sẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni abọ́ oúnjẹ ẹ̀ àti ìdérí ike omi ẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó lè ṣí wọn. Kí tíṣà sì máa rán an lọ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, kó má dúró kó bèèrè. Tó bá ń sọ pé ìtọ̀ ń dun òun, tàbí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ lọ́nà tí ò bójú mu, tó ń tọ̀ ṣáá lọ́sàn-án lóru, tó sì ń rù, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ skúùlù.

Oorun ńkọ́? Ẹ ò mẹ́nu bà á, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò ẹ̀. American Academy of Sleep Medicine, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà, sọ lọ́dún 2016 pé ọmọ ọdún 3 sí 5 gbọ́dọ̀ máa sun wákàtí 10 sí 13 lójúmọ́, oorun ọ̀sán wà nínú ẹ̀. Tó bá jẹ́ aago 6 àárọ̀ lẹ ń jí i, tí ò sì sùn lọ́sàn-án mọ́, aago 8 alẹ́ ló yẹ kí oorun ti gbé e lọ, kì í ṣe aago 8 ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá pijáámà ẹ̀. Ọmọ tí ò sùn tó ló ń jí ké, òun náà láá dé géètì ké.

Ẹ sì má bẹ̀rù tó bá dáa dáadáa tán tó tún bẹ̀rẹ̀. Mọ́ńdè máa ń le, ọjọ́ tí wọ́n wọlé lẹ́yìn hólídé máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àti ìgbà tó bá ṣàìsàn tó fi dúró sílé, wọ́n á sì ṣàìsàn, torí ọdún àkọ́kọ́ tí ọmọ bá wà láàárín àwọn ọmọ púpọ̀, òtútù àti ikọ́ máa ń tẹ̀ léra wọn. Ìdágbére kan náà lẹ ó máa ṣe, kò ní pẹ́ tó àkọ́kọ́.

Ó wá ku ìyá ọkọ yín. Ẹ má rò pé mo fẹ́ ta kò wọ́n, ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ọdún 4 kì í ṣe òfin ayé, ní Finland ọdún tí ọmọ bá pé 7 ni ilé ìwé gidi máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ibi tí ẹ mú ọmọ yín lọ bá sì jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fi tipátipá mú ọmọ ọdún 4 kọ A dé Z láti àárọ̀ dọ̀sán, èmi náà á dúró tì wọ́n. Friedrich Fröbel, olùkọ́ tó dá skúùlù àwọn ọmọ kéékèèké bíi nọ́sìrì sílẹ̀ ní Jámánì lọ́dún 1837, eré ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ibẹ̀ bá dáa, mi ò ní yọ ọ́ kúrò torí ẹkún ọ̀sẹ̀ 3. Tí ẹ bá yọ ọ́ báyìí, ohun tó máa gbọ́ ni pé lóòótọ́, ibẹ̀ léwu, mọ́mì náà mọ̀, wọ́n sì ní láti gbà mí sílẹ̀ níbẹ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀ ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ti èṣí á sì ti wà nílẹ̀ dè yín. Ohun tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ bẹ skúùlù kó máa lo ìdajì ọjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí mọ́mì àgbà sì máa wá mú un lọ́sàn-án tí ara wọn bá gbà á, inú wọn á dùn, wọn á sì rí ojú ọmọ náà nígbà tó ń jáde, èyí tí wọn ò tíì rí. Ní ti bàbá, ẹ jẹ́ kóun máa mú un lọ láàárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìdágbére tí mo kọ sókè yẹn. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹkún wọn máa ń dínkù tí kì í bá ṣe ìyá ló mú wọn lọ, mi ò sọ pé tiyín á rí bẹ́ẹ̀, ẹ dán an wò.

Tí gbogbo èyí bá ti tó oṣù kan tí ò rọ̀ rárá, tó ń jí lóru pẹ̀lú igbe, tí inú ń run ún ní àárọ̀ skúùlù nìkan tí kì í run ún lópin ọ̀sẹ̀, tí ò jẹun níbẹ̀, ẹ lọ bá dókítà ọmọdé sọ̀rọ̀. Irora inú yẹn kì í ṣe irọ́ o, àníyàn máa ń run ọmọ nínú lóòótọ́. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa nílé àmọ́ tí kì í la ẹnu rárá ní skúùlù náà, tó bá ti ju oṣù kan lọ láìka oṣù àkọ́kọ́ mọ́ ọn, ó nílò ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀, ẹ má dúró kó fúnra ẹ̀ lọ.

Èyí tí mo fi gbẹ̀yìn yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Ọmọ tí ara ẹ̀ ti mọlé, tó ti ń fò wọlé láràárọ̀, tó wá ṣàdédé kọ̀ lọ́jọ́ kan pé òun ò lọ mọ́, tàbí tí ẹ̀rù ẹnì kan pàtó ń bà á, tàbí tó ń sá tí ẹ bá fẹ́ bọ́ aṣọ ẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kó máa mọ́ ọn lára. Ẹ má fi ìdágbére kankan tọ́jú ẹ̀. Ẹ bá a jókòó, ẹ bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, ẹ wo ara ẹ̀ tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ má mú un padà síbẹ̀ títí ẹ ó fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí ẹ sì lọ sí skúùlù náà láàárín ọjọ́, láìsọ fún wọn pé ẹ ń bọ̀.